Ogún Ìṣẹ́jú Lẹ́yìn Tí Oòrùn Bá Ti Wọ̀

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo gbé wá. Kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó, kì í sì í ṣe ti ìsọmọlórúkọ. Fọ́tò oòrùn tó ń wọ̀ ni, èyí tí èèyàn gun òkè lọ yà, níbi tí kò ti sí òrùlé, tí kò sí wáyà iná, tó jẹ́ pé koríko, igi àti òkúta nìkan ni ojú ń rí.

Àwa ará Dutse Alhaji ní agbègbè Àbújá kò ní láti wọ mọ́tò lọ sí ọ̀nà jíjìn ká tó rí irú ibẹ̀. Òkè ló yí wa ká. Ẹsẹ̀ òkè la kọ́lé sí. Bí èèyàn bá rìn gòkè fún ìgbà díẹ̀, ariwo ọjà àti ti kẹ̀kẹ́ Napep á ti máa rẹlẹ̀ sẹ́yìn. Òkúta àtayébáyé tó yọrí láti inú ilẹ̀ ní Ìdànrè àti ní Abẹ́òkúta náà ló yọrí níbí. Ọmọ Yorùbá tó bá dàgbà lẹ́bàá òkè mọ bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń rí lórí àpáta: òkúta á ṣì máa gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn ti tutù.

Ohun tó mú mi yan ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ fọ́tò tí àwọn èèyàn máa ń fi hàn mí pẹ̀lú ìjákulẹ̀. Ojú wọn rí ọ̀run tó pọ́n yòò, wọ́n fa fóònù yọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n wo àwòrán náà, kìkì funfun kan ló wà láàárín, ọ̀run ti ṣá, ilẹ̀ sì rí rúdurùdu. Wọ́n á ní fóònù àwọn kò dáa tó. Fóònù kọ́ ló fà á lọ́pọ̀ ìgbà. A kò tíì mọ ìwà oòrùn tiwa, a kò mọ ìwà afẹ́fẹ́ tó wà láàárín òun àti àwa, a sì máa ń tètè kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìyára rẹ̀. Dutse wà ní ìwọ̀n digírì 9 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Nítorí pé a sún mọ́ ìlà yẹn, oòrùn tiwa kì í gba ẹ̀gbẹ́ lọ wọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já wálẹ̀ ṣánṣán ni. Láti ìgbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ títí dìgbà tí òkè rẹ̀ bá wọlé tán, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó kù lẹ́yìn náà, tí èèyàn ṣì lè fi rí ọ̀nà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 21 ló ń gbà kó tó ṣú. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London ń rí ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ ní oṣù Kẹfà, torí pé oòrùn tiwọn ń yọ̀ wálẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tó bá jókòó sílé ní Dutse, tó rí i pé ọ̀run ti ń pọ́n, tó wá ń wá bàtà, á dé orí òkè bá òkùnkùn. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹ fẹ́ dúró sí ní ìdajì wákàtí ṣáájú.

Àkókò náà kì í dúró lójú kan. Ní oṣù Keje, agogo méje á ku nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí oòrùn tó wọ̀ ní agbègbè wa. Ní ìdajì oṣù Kọkànlá, agogo mẹ́fà kò ní tíì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá tí yóò ti lọ. Ọ̀pọ̀ rò pé oṣù Kejìlá ni ilẹ̀ máa ń tètè ṣú jù, ṣùgbọ́n níbi tiwa, oṣù Kọkànlá ni. Tó bá fi máa di ọjọ́ Kérésìmesì, oòrùn ti tún ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó wọ̀. Fún ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni mo ṣe ń ka àkókò wọ̀nyí o. Bí òkè mìíràn bá wà níwájú yín ní apá ìwọ̀ oòrùn, oòrùn á fi ara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí àkókò tó pé.

Ibi tó ń wọ̀ sí pẹ̀lú ń yí. Ní ìparí oṣù Kẹta àti ìparí oṣù Kẹsàn-án, ó ń wọ̀ sí ọ̀gangan ìwọ̀ oòrùn gan-an. Ní ìparí oṣù Kẹfà, ó ti sún lọ sí apá àríwá ní nǹkan bí digírì 24. Ní ìparí oṣù Kejìlá, ó ti sún sí apá gúúsù ní iye kan náà. Ẹ na apá síwájú gbọọrọ, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́: fífẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ yín, bí ẹ bá fi wọn ojú ọ̀run, tó nǹkan bíi digírì 10. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kejìlá, oòrùn Dutse ti rin fífẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé márùn-ún lẹ́bàá ilẹ̀. Igi tó dúró gedegbe níwájú oòrùn nígbà ọyẹ́, ẹ kò ní bá a níbẹ̀ nígbà òjò. Kubwa ló wà níwájú ẹni tó bá ti Dutse kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Lẹ́yìn Kubwa ni ọ̀nà Kàdúná, àti Zuma, àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n gbé jáde ní 1999.

Ẹ̀ṣẹ́ kan náà yẹn lè sọ àkókò fún yín. Bí ẹ bá gbé e sí àárín oòrùn àti ilẹ̀, tí ó bá ẹ̀ṣẹ́ kan mu, ó ku nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má tẹjú mọ́ oòrùn fúnra rẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe èyí. Ẹ fi ọwọ́ bò ó, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó wá kan àwọ̀. Kí ló dé tí oòrùn fi ń pọ́n? Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó dà bíi funfun lójú wa, àwọ̀ púpọ̀ ló pa pọ̀ dì í. Ẹni tó bá ti rí òṣùmàrè ti rí wọn nígbà tí wọ́n tú ká. Ní 1871, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John William Strutt, tí wọ́n wá mọ̀ sí Lord Rayleigh, ṣàlàyé pé àwọn nǹkan tó kéré jọjọ nínú afẹ́fẹ́ ń fọ́n àwọ̀ aró ká ju àwọ̀ pupa lọ. Aró tí wọ́n fọ́n ká yìí náà là ń rí lójú ọ̀run lọ́sàn-án. Nígbà tí oòrùn bá wà lókè orí, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá kò pọ̀. Nígbà tó bá dé etí ilẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ wá ń gba ẹ̀gbẹ́ ayé bọ̀, ó ń la afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bí ìlọ́po 38 ti ìṣáájú kọjá. Àwọ̀ aró ti ṣòfò lójú ọ̀nà. Àwọ̀ ọsàn àti pupa ló dé ọ̀dọ̀ wa.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà gbọ́ yàtọ̀. A máa ń rò pé ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀run máa ń pọ́n jù, nítorí eruku. Ẹ wò ó dáadáa ní oṣù Kìíní tó ń bọ̀. Eruku ọyẹ́ tó ń bò wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bodélé wá, ní ilẹ̀ Chad, níbi tí ìsàlẹ̀ adágún ńlá ayé àtijọ́ ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi kọjá, ó ń ko eruku náà, ó ń gbé e sọdá ilẹ̀ Hausa títí dé etíkun. Eruku yìí tóbi ju ohun tí Rayleigh ń sọ lọ fíìfíì. Kò mọ̀ ọ́n yàn. Gbogbo àwọ̀ ló ń fọ́n ká. Ìdí nìyẹn tí ọ̀run ọyẹ́ fi máa ń rí bíi eérú, tí oòrùn á di róbótó kan tó ṣá, tí yóò sì rá mọ́ eruku lójú nígbà tó ṣì kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, èéfín igbó sísun tún ń kún un.

Èmi, oṣù Kẹsàn-án àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni mo yàn, ẹnu mi kò sì ní í yẹ̀ lórí rẹ̀. Òjò ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Àwọsánmà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti ń já síra. Èyí tó dára jù nínú wọn ni àwọsánmà tín-ín-rín tó ga gan-an, tó dà bí òwú tí wọ́n fà. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn á ti wọ̀ lójú tiwa tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ṣì máa tàn sí i láti ìsàlẹ̀. Òun ni yóò kọ́kọ́ di àwọ̀ ọsàn, tí yóò wá pọ́n, tí yóò wá di elésè àlùkò. Bí ọ̀run bá mọ́ fefe láìsí àwọsánmà kankan, ìrọ̀lẹ́ náà á dùn ún wò, ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ kì í ní ohun púpọ̀ nínú. Bí àwọsánmà bá sì bo gbogbo ọ̀run títí dé etí ilẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn, ẹ máa lọ sílé. Ohun tí à ń wá ni àwọsánmà lókè pẹ̀lú àyè tó ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé.

Ní àwọn oṣù yẹn kan náà, ìjì òjò ńlá máa ń ti ìlà oòrùn bọ̀ wá bá wa. Oòrùn á máa wọ̀ lẹ́yìn yín, àwọsánmà òjò á ga fíofío níwájú yín, ìmọ́lẹ̀ ìkẹyìn á sì tàn sí i lára. Fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù ní gbogbo Dutse nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, ẹ kúrò lórí àpáta lójú ẹsẹ̀. Kò sí àwòrán tó tó ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí eruku díẹ̀. Èyí tó kéré tó sì ga, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1883, òkè oníná Krakatoa bú gbàmù ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Indonesia lónìí. Ohun tó tú sí òkè sánmà fínífíní tó bẹ́ẹ̀ tó fi rìn yí ayé ká, tí ìrọ̀lẹ́ ìlú London fi ń pọ́n lọ́nà tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Kò tíì sí fọ́tò aláwọ̀ tí ará ìlú lè yà nígbà náà. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ William Ascroft dúró sí etí odò Thames ní Chelsea, ó ń fi ẹfun aláwọ̀ ya ọ̀run sórí bébà, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn bí àwọ̀ ti ń yí, ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́. Àwòrán tó yà lé ní 500. Ascroft yé mi. Kò dúró ti oòrùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ti lọ ló ń lé.

Ó dára, ẹ gbé fóònù yín. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ojú kámẹ́rà rẹ̀, torí pé ọ̀rá ìka ló máa ń mú kí oòrùn ya gbòǹgbò kiri inú fọ́tò. Ẹ pa fíláàṣì. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lè kọjá òkúta tó wà nítòsí yín. Kámẹ́rà inú fóònù máa ń wo gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, á wá gbìyànjú láti mú un wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kó má dúdú jù, kó má mọ́lẹ̀ jù. Nígbà tó bá rí ilẹ̀ tó ti ń ṣú, á ní kí ìmọ́lẹ̀ wọlé sí i, ọ̀run á sì ṣá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un pé ọ̀run lẹ wá yà. Ẹ fi ìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ lójú ọ̀run, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, kì í ṣe orí oòrùn gan-an. Ẹ di ìka yín mú níbẹ̀ títí yóò fi dúró, kí ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ á fi padà. Ilẹ̀ á dúdú. Ẹ jẹ́ kó dúdú.

Ohun kejì tó ń ba àwọ̀ jẹ́ ni pé fóònù rò pé pupa náà jẹ́ àṣìṣe, ó ń tún un ṣe. Bí fóònù yín bá ní ibi tí wọ́n kọ Pro sí, ẹ wá WB níbẹ̀, kí ẹ gbé e kúrò lórí èyí tó ń dá yàn fúnra rẹ̀ sórí àmì oòrùn tàbí àmì àwọsánmà. Ẹ má fi ìka méjì fa oòrùn súnmọ́ yín. Fóònù púpọ̀ kò ní awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ lóòótọ́, ṣe ni wọ́n ń gé àwòrán náà kéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kámẹ́rà ńlá, ẹ gbé ISO sí 100, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti f/8. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi awò gígùn wo oòrùn láti inú ihò tí ojú ń gbà wò. Awò náà ń kó iná oòrùn jọ sójú kan ni, ìpalára tó bá ṣe fún ẹyinjú kì í san. Ojú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà ni kí ẹ máa wò.

Nígbà tí ilẹ̀ bá dúdú, ohun tó bá dúró láàárín yín àti ọ̀run á di òjìji gedegbe. Níbí ni ọ̀dàn wa ti lọ́rọ̀. Igi emi wà, igi irúgbá wà, osè wà pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀ tó rí bíi gbòǹgbò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí igi náà lè yọ sókè kọjá ilẹ̀, kí òun nìkan dá dúró. Bí igi méjì bá gùn lé ara wọn, òjìji wọn á di pàǹtí kan lásán.

Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni a wà. Àwọn obìnrin wọn kì í ru ẹrù lórí bíi tiwa. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Ẹni tó bá rí ìyá kan tó gbé igi ìdáná léjìká, tó ń ti oko bọ̀ ní ọjọ́rọ̀, tí ọ̀run pupa wà lẹ́yìn rẹ̀, á fẹ́ yà á. Kí ẹ kí i ná. Kí ẹ tọrọ ààyè. Bó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Èèyàn tó ń lọ sílé rẹ̀ kì í ṣe igi inú igbó, bó tiẹ̀ jẹ́ òjìji lásán ló máa hàn nínú fọ́tò. Bákan náà ni ojúbọ àti ibi tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún lórí òkè: ẹ béèrè lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó gùn ún.

Bí ọyẹ́ bá ti dé ńkọ́? Ẹ gbàgbé pupa, kí ẹ ya òkè. Eruku á ya àwọn òkè sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tó sún mọ́ á dúdú, èyí tó tẹ̀lé e á rí bíi eérú, èyí tó jìnnà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ojú á rí bí ilẹ̀ náà ti jìn tó, ohun tí ọ̀run mímọ́ oṣù Kẹwàá kì í jẹ́ kó hàn.

Wàyí o, oòrùn ti wọ̀. Ìgbà yìí ni àwọn èèyàn máa ń ti fóònù bọ àpò, tí wọ́n á ní ó ti tán. Ẹ dúró. Fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ọ̀run á kọ́kọ́ ṣá bí ẹni pé ó ti tán lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọsánmà gíga á gbiná. Ìmọ́lẹ̀ ti dín kù, nítorí náà ọwọ́ tó gbọ̀n díẹ̀ á ba àwòrán jẹ́. Ẹ gbé fóònù ti òkúta, kí ẹ fi aago rẹ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ó dá yà fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì yíjú padà sí ìlà oòrùn. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ máa rí àwọ̀ aró tó ṣókùnkùn tó ń yọ láti etí ilẹ̀, tí àwọ̀ pupa fẹ́lẹ́ kan wà lórí rẹ̀. Òjìji ayé wa fúnra rẹ̀ lẹ ń wò yẹn, tó ń gòkè bọ̀ sójú afẹ́fẹ́ bí oòrùn ti ń rì sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti dàgbà di arúgbó láì yíjú wò ó rí.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní: o ní ká dúró títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, ṣé o mọ bí ìlú ṣe rí? Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ààbò ní ẹ̀yìn odi Bwari àti Dutse kì í ṣe ohun tí a lè fojú di. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò náà, bóyá ibẹ̀ dára láti gùn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Bó bá ní kò dára, ẹ má lọ. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà fún ará ilé. Ẹ yan àpáta tó lọ sílẹ̀, tí ẹ lè ti ibẹ̀ dé ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ tó tán, kì í ṣe ṣóńṣó òkè. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, kí ẹ wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, torí pé nígbà òjò, ewédò tó hù lára òkúta máa ń yọ̀, bíbọ̀ wálẹ̀ ló sì máa ń ṣe èèyàn léṣe ju gígùn lọ.

Ìdí kan wà tí n kò fi fẹ́ kí ẹ fi fọ́tò wọ̀nyí ṣe eré lásán. Nígbà tí ìjọba fi òfin kẹfà ọdún 1976 ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ fún olú-ìlú, ní oṣù Kejì, oko àti abúlé ló kún ibi tí a wà yìí. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá, láti ìgbà náà sì ni ilé ti ń gun òkè wọ̀nyí. Ní Mpape, wọ́n fọ́ òkúta òkè láti fi kọ́ ìlú. Ọmọ tí a bí sí Dutse lónìí lè má rí ọ̀dàn kankan láti orí àpáta tí à ń gùn yìí nígbà tó bá dàgbà.

Torí náà, ẹ yan òkúta kan kí ó di tiyín. Ẹ máa padà síbẹ̀ ní oṣù Kẹta, ní oṣù Kẹfà, ní oṣù Kẹsàn-án, ní oṣù Kejìlá, kí ẹ dúró sí ojú kan náà, kí ẹ kọjú síbi kan náà. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ bá ti délé, torí fọ́tò tí kò ní ọjọ́ kò lè jẹ́rìí sí ohunkóhun. Ẹ tọ́jú èyí tó ti inú kámẹ́rà jáde gan-an sí ọ̀tọ̀, kí ẹ má fi àtúnṣe bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì tún dà á kọ sí ibòmíràn yàtọ̀ sí fóònù. Bí ẹ bá ní ọmọ nílé tó ti lè gun òkè, ẹ mú un dání, kí ẹ jẹ́ kí òun náà tẹ kámẹ́rà.